Àáró Nílùú Òyìnbó

Ọdún kẹta lẹ́yìn tí Nàìjíríà gbòmìnira ni mo fi Òkè-Ìmẹ̀sí sílẹ̀. Bí mo ṣe rí ìwé ìrìnnà gbà, ọkọ̀ òkun tí mo wọ̀, iye ọjọ́ tí mo fi bì lójú omi, mi ò ní sọ ìyẹn. Gbogbo ẹni tó lọ ló ń sọ ọ́, kì í sì í sú wọn. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni ti ìyá mi, àti ti tẹlifóònù kan tó dún nígbà tí mi ò sí nílé.

Bí ọ̀rọ̀ mi bá gbẹ lẹ́nu mi, ẹ má bínú. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé àwọn sunkún títí omi ojú fi tán. Èmi ò mọ̀ bóyá tèmi tilẹ̀ jáde rí.

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo bá lọ. Wọ́n wo ìwé mi, wọ́n ní kò tíì tó, wọ́n ní kí n máa ṣiṣẹ́ nílé ìfọṣọ ilé ìwòsàn kan ná, kí n máa fi ìrọ̀lẹ́ kàwé sí i. Ìlú náà wà lápá òkè ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìlú tí òjò kì í dá. Abẹ́ ilẹ̀ ni ilé ìfọṣọ yẹn wà. Bí o bá wà níta, òtútù á fẹ́ gé ọ létí. Bí o bá wọlé, òógùn á bò ọ́ tán pátápátá. A jẹ́ obìnrin méje, ọ̀gá wa, Mísíìsì Hágà, ló ṣìkẹjọ.

Ọjọ́ kìíní, mo rí obìnrin kan tí irun rẹ̀ ti funfun, ó gbé agbọ̀n aṣọ tútù lọ́wọ́, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Mo sáré lọ já agbọ̀n náà gbà. Ṣé wọ́n á kọ́ èèyàn nílé kó wá máa wo àgbà níran tó ń ru ẹrù? Obìnrin náà figbe ta. Gbogbo wọn dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ó rò pé mo fẹ́ gba iṣẹ́ mọ́ òun lọ́wọ́ ni. Nígbà tí ọ̀rọ̀ wá yé e, ó fọwọ́ méjèèjì lé ìbàdí.

"Ṣé mo ti dàgbà tó bẹ́ẹ̀ lójú rẹ ni?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ẹ ti dàgbà gan-an ni."

Háà! Mo rò pé mo ń yìn ín ni. Ọmọbìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Bríjì, ọmọ ilẹ̀ Ireland, tó jẹ́ ẹgbẹ́ mi lọ́jọ́ orí, rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sórí òkìtì aṣọ. Dóríìn ni orúkọ ìyá onírun funfun náà. Kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ lọ́jọ́ náà. Lọ́jọ́ kẹta, bó ṣe gbé agbọ̀n tirẹ̀ dé ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn, ó dúró, ó wo ọ̀dọ̀ mi, ó ń retí.

Mo lọ gbà á.

*

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà lọ́kàn mi nígbà náà, torí pé ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti wọ́.

Ní Òkè-Ìmẹ̀sí, bí ìgbà epo bá dé, Yèyé mi àti àwọn ìyá mẹ́rin kan ládùúgbò a máa ṣe àáró. Lónìí, gbogbo wọn á bá Yèyé ṣe epo tirẹ̀. Lọ́la, wọ́n á kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Títí tó fi máa yí ká. Kò sẹ́ni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń bẹ ẹnì kan. O kàn máa wí pé, "Ọ̀la ni tèmi," bí ilẹ̀ bá sì mọ́, wàá bá wọn lẹ́nu ọ̀nà rẹ. Ọ̀wẹ̀ lọ́tọ̀. Ọ̀wẹ̀ ni èèyàn ń bẹni sí, tí í se oúnjẹ sílẹ̀ dè wọ́n. Àáró kò ní ẹ̀bẹ̀ nínú. Ẹni tó bá ń bẹ̀bẹ̀ fún àáró, àfi bíi pé ó ń sọ fún àwọn yòókù pé wọn kò ní ìtìjú.

Mo rántí ìgbà kan tí Yèyé ní ibà. Ọjọ́ náà ni ti ìyá kan ní òkè ọ̀nà. Yèyé dìde, ó di ọ̀já mọ́ra, ó lọ. Mo ń sunkún lẹ́yìn rẹ̀ pé kó padà wá sùn. Ó ní, "Ọmọ mi, bí mi ò bá lọ lónìí, ojú wo ni n ó fi wò wọ́n lọ́la?" Ẹ má bínú pé "ó" ni mò ń pe ìyá mi, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń sọ̀rọ̀ ní ìhà tiwa, kì í ṣe àfojúdi.

Ohun tí mo gbé wọ ilé ìfọṣọ náà nìyẹn. Mo gba agbọ̀n Dóríìn. Mo bá Bríjì ṣe Sátidé rẹ̀ kó lè lọ jó. Ètò Sátidé ni pé ẹnì kan nínú wa àti ọ̀gá ló máa wà níbẹ̀ láti àárọ̀ di agogo mẹ́rin, ó sì ń yí láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan dé ọ̀dọ̀ ẹnì kejì. Ọmọ Dóríìn ń gbéyàwó: mo ṣe Sátidé rẹ̀. Ọmọ náà bímọ: mo tún ṣe é. Eyín ń dun Bríjì, orí ń fọ́ Bríjì, Bríjì rí ọ̀rẹ́kùnrin tuntun: èmi náà ni. Inú mi kò bàjẹ́ rí. Lọ́kàn mi, mo ti wọ ẹgbẹ́ nìyẹn.

Kó tó pé ọdún kan, mo ti mọ ẹ̀rọ gbogbo wọn lò. Ẹ̀rọ mi nìkan ni mi ò mọ̀, torí pé mi ò ní. Wọn a máa ké láti igun kan pé kí n wá. Kí n tó débẹ̀, wọ́n á ti ké láti igun kejì.

Mo ní ìṣẹ́gun kékeré kan, ẹ jẹ́ kí n fi yangàn díẹ̀. Nígbà tí mo débẹ̀, oníkálùkù ló ní òkìtì aṣọ tirẹ̀, oníkálùkù ló ń bá tirẹ̀ jà. Mo ní kí gbogbo wa kọ́kọ́ dojú kọ ti Dóríìn, ká parí rẹ̀, ká bọ́ sí ti Bríjì, ká máa lọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n wò mí bí ẹni pé mo ti mutí. A dán an wò. Lọ́jọ́ náà a parí kí ọ̀gá tó mu tíì ìrọ̀lẹ́ rẹ̀ tán, Bríjì sì ń kọrin. Láti ìgbà náà, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é. Mo sọ fún wọn pé àáró ni orúkọ rẹ̀ nílé wa. Wọn ò lè pè é. Wọ́n fi orúkọ mi pè é dípò rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ náà mo rẹ́rìn-ín nìkan nínú yàrá mi, mo sì wò yíká láti mọ ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún. Kò sí.

*

Ní ọdún kejì, àyè kan ṣí sílẹ̀ ní yàrá tí wọ́n ti ń tún aṣọ rán. Òkè ilẹ̀ ló wà, ó ní fèrèsé, èèyàn sì ń jókòó ṣe é. Gbogbo wọn ní èmi ló tọ́ sí. Mísíìsì Hágà fi fún ẹni tó dé lẹ́yìn mi.

Ó pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Ìwọ, a ò lè yọ̀ǹda rẹ," ni ó wí. "Gbogbo ibí yìí máa dàrú bí o bá lọ sókè."

Ẹ wo òmùgọ̀: inú mi dùn. Mo fi ayọ̀ padà sábẹ́ ilẹ̀.

Mo ti rò ó láti ìgbà náà. Ẹni tó wà nílé rẹ̀ kò ní láti ṣe nǹkan kan kó tó jẹ́ ẹnì kan. Ní Òkè-Ìmẹ̀sí, bí mo bá jókòó lásán lẹ́nu ọ̀nà, ọmọ Yèyé ni mí. Àwọn tó ń ti Ìdó-Ilé bọ̀ wá sọ́jà á kí mi, wọ́n á béèrè ìyá mi, wọ́n á bínú bí mi ò bá jẹ́ dáadáa. Níbi tí mo lọ yìí, bí mi ò bá gba ẹrù lọ́wọ́ ẹnì kan, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé mo wà. Mo lè ti òpópó kan dé èkejì kí ojú kankan má bá tèmi pàdé. Nítorí náà, mò ń gba ẹrù. Oore ni, mi ò ní purọ́ pé kì í ṣe oore. Àmọ́ ebi wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú, ebi pé kí ẹnì kan pè mí. Bí wọ́n bá pè mí lẹ́ẹ̀mẹwàá lójúmọ́, màá sùn dáadáa. Bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì, màá wà lójúfò, màá máa rò ó pé kí ni mo ṣe fún wọn.

Ọjọ́ tí iṣẹ́ bá pọ̀ jù lọ ni mi ò ní mọ nǹkan kan lára. Mo fẹ́ràn ọjọ́ bẹ́ẹ̀.

*

Lẹ́tà Bọ̀dá Délé dé ní ìgbà òtútù. Bọ̀dá ni ẹ̀gbọ́n mi kan ṣoṣo, akọ̀wé ni ní ọ́fíìsì àwọn tó ń ra kòkó ní Ìbàdàn.

Gẹ̀gẹ̀ Yèyé ti ń dàgbà sínú. Gẹ̀gẹ̀ kì í ṣe ohun àjèjì láàárín àwọn òkè tiwa. Ọ̀pọ̀ ìyá ló gbé e sọ́rùn láti ìgbà ọmọge títí dé sàréè. Èyí tí Yèyé ní, mo bá a níbẹ̀ nígbà tí mo dáyé. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo máa ń gbé orí lé e sùn, mo rò pé gbogbo ìyá ló ní. Ní báyìí, kò lè gbé iyán mì mọ́, ẹ̀kọ ló ń mu. Bó bá dùbúlẹ̀, èémí rẹ̀ á máa dún fíìn-fíìn, ó ti di pé kó máa jókòó sùn.

Dókítà ní Ìbàdàn gbà láti yọ ọ́. Àmọ́ ó ní ẹ̀rù ohùn rẹ̀ ń ba òun, pé ọ̀bẹ máa sún mọ́ ibi tí ohùn ń gbà, ohùn náà sì lè má padà.

Bọ̀dá kọ ohun tí Yèyé sọ sínú lẹ́tà náà bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. "Ó dáa. Bí ohùn bá máa lọ, n ó lò ó kó tó lọ. Ọmọ mi tó wà lókè òkun ni n ó lò ó fún. Bí n kò bá tíì bá a sọ̀rọ̀, kí ọ̀bẹ ẹnikẹ́ni má kàn mí lọ́rùn."

Wọ́n bẹ̀ ẹ́, pásítọ̀ bẹ̀ ẹ́. Yèyé tí mo mọ̀, bó bá ti sọ̀rọ̀ báyẹn, ó ti parí. Bọ̀dá lọ bá ọ̀gá rẹ̀ ní ọ́fíìsì, ọ̀gá náà sì yọ̀ǹda tẹlifóònù fún un ní Sátidé kan. Wọ́n bá àwọn onítẹlifóònù ṣètò rẹ̀ sílẹ̀: agogo méjì ọ̀sán lọ́dọ̀ mi, kí n wà nídìí tẹlifóònù onílé mi. Wọ́n á gbé Yèyé wá láti Òkè-Ìmẹ̀sí ní ọjọ́ Friday. Bó bá gbọ́ ohùn mi ní Sátidé, yóò wọ ilé ìwòsàn ní Sunday, wọ́n á ṣiṣẹ́ abẹ fún un ní Monday.

Mo ka lẹ́tà náà lórí ìdúró. Mo wo kàlẹ́ńdà. Sátidé yẹn, èmi gan-an ni iṣẹ́ kàn.

Kò dẹ́rù bà mí rárá. Mo ní àáró nílẹ̀.

*

Ọjọ́ Wednesday, níbi tíì, mo gbé ife mi kalẹ̀, mo kéde bó ṣe yẹ kí n kéde.

"Sátidé tó ń bọ̀ yìí, ìyá mi máa bá mi sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù. Agogo méjì. Ó ti lé lọ́dún méjì tí mo ti gbọ́ ohùn rẹ̀ gbẹ̀yìn. Wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún un ní ọrùn, kò sì ní gbà àfi bó bá kọ́kọ́ gbọ́ ohùn mi. Èmi sì ni iṣẹ́ kàn ní Sátidé náà."

Dóríìn fọwọ́ lé àyà. "Ìyá rẹ! Ó mà dáa o, ọmọ mi. Wàá sunkún, mo mọ̀ ọ́n."

Bríjì ní, "Bá mi kí i. Sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ ló ń gbé wa ró níbí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo gbé ife mi padà, ọkàn mi balẹ̀. Mo ti sọ ọjọ́ mi. Èyí tó kù, tiwọn ni. Mi ò tilẹ̀ rò nípa ẹni tó máa wá nínú wọn. Ìyẹn kì í ṣe ohun tí ẹni tí àáró kàn ń béèrè.

Àlejò lójú, kò fi ríran.

*

Ní Sátidé, mo ti fi aṣọ tó dára sábẹ́ aṣọ iṣẹ́. Mi ò mọ ìdí. Ṣé Yèyé máa rí mi ni? Aṣọ yàrá iṣẹ́ abẹ la ní láti parí lọ́jọ́ náà. Wọ́n gbọ́dọ̀ gòkè kí agogo mẹ́ta tó lù, torí wọ́n ń retí àwọn aláìsàn ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀rọ tó ń lọ aṣọ náà, ẹni méjì ló ń lò ó: ẹnì kan á ti aṣọ wọlé, ẹnì kan á gbà á lódì kejì. Èmi àti Mísíìsì Hágà nìkan ló wà níbẹ̀.

Láti agogo méjìlá ni mo ti ń wo ẹnu ọ̀nà. Ní agogo kan, mo ní bóyá bọ́ọ̀sì ló pẹ́. Nígbà tó kọjá agogo kan ààbọ̀, ọ̀gá rí ojú mi.

"Ta lò ń wò?"

"Dóríìn, mà. Tàbí Bríjì. Wọ́n ń bọ̀ wá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi."

"Ṣé o bẹ̀ wọ́n?"

"Mo sọ fún wọn."

"Kí lo sọ fún wọn?"

"Pé ìyá mi máa pè mí ní agogo méjì."

Èèyàn rere ni ọ̀gá, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó ní, "Bó o bá fẹ́ lọ, máa lọ nísinsìnyí." Àmọ́ bó ṣe ń sọ ọ́, ó bojú wo òkìtì aṣọ tó kù, ó wo ẹ̀rọ náà, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì.

Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó dè mí mọ́ ẹ̀rọ. Ilé mi kò ju ìrìn ogún ìṣẹ́jú lọ. Bí mo bá fẹsẹ̀ fẹ ẹ nígbà náà, màá bá Yèyé. Mo mọ̀ ọ́n nígbà náà, mo ṣì mọ̀ ọ́n lónìí.

Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká parí èyí tó kù yìí, mà. Kò pọ̀ mọ́."

Ẹnu mi ló sọ ọ́. Kò sẹ́ni tó fi sí mi lẹ́nu.

*

Agogo méjì kọjá ogún ìṣẹ́jú ni mo já wọlé. Onílé mi, opó kan tó ń jẹ́ Mísíìsì Wáàdì, dúró nídìí àtẹ̀gùn pẹ̀lú tẹlifóònù tó ti dákẹ́.

"Wọ́n pè ọ́," ni ó wí. "Láti òkèèrè. Ọkùnrin kan ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Mo sọ fún un pé o wà níbi iṣẹ́. Lẹ́yìn náà, obìnrin kan bọ́ sí i, ó ń sọ èdè yín."

"Kí ló sọ, mà?"

"Báwo ni mo ṣe máa mọ ohun tó sọ? Mo kàn ń wí pé hẹ́lò, hẹ́lò. Ó sọ nǹkan kan, ó tún un sọ, ó tún un sọ. Ohùn rẹ̀ dùn. Ó ti há díẹ̀, àmọ́ ó dùn."

Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn. Òun náà jókòó. Ó bi mí bóyá kí òun pọn tíì. Mo ní kí ó má ṣèyọnu, pé èmi ni màá pọn ọ́n, mo sì dìde, mo pọn ọ́n fún un.

Nígbà tó yá, mo bá àwọn onítẹlifóònù sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n bá mi pe Ìbàdàn. Wọ́n ní ìlà ti kún, ó di Tuesday. Ní Tuesday, kí wọ́n tó pè mí, wáyà Bọ̀dá ti dé: Yèyé ti padà sílé, lẹ́tà ń bọ̀.

*

Monday ṣáájú ìyẹn, Dóríìn wọlé pẹ̀lú ẹ̀rín. "Ó dáa, sọ fún wa. Kí ni Màmá wí?"

"Mi ò bá a sọ̀rọ̀. Ẹ ò wá."

"Wá síbo?"

Mo ṣàlàyé. Ó pẹ́ kó tó yé e, torí pé èmi náà kò ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí. Ta ní í ṣàlàyé pé ilẹ̀ ń mọ́? Mo sọ ti epo, ti ìyá márùn-ún, ti bí wọ́n ṣe máa ń wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo sọ ti gbogbo Sátidé tí mo bá wọn ṣe. Mi ò pariwo. Bríjì ti ń sunkún. Ojú Dóríìn pọ́n, ó sì jókòó.

"Ọmọ mi, o ò sọ fún wa pé ká wá. O ò tọrọ nǹkan kan lọ́wọ́ wa rí. Ọjọ́ tí mo fẹ́ bá ọ gbé agbọ̀n, o já a gbà. Bríjì fẹ́ bá ọ ṣe Sátidé kan níjọ́sí, o ní rárá, ara rẹ le. A sọ ọ́ láàárín ara wa pé, ó fẹ́ràn kó jẹ́ òun. A ò fẹ́ bà ọ́ nínú jẹ́."

Ó dùn mí wọra, torí pé òótọ́ ni. Bríjì ti bi mí nígbà kan, mo sì fi ẹ̀rín lé e dànù. Ẹnu ẹni la fi ń kọ mèéjẹ. Nílé, bí mo bá kọ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á tún fi lọ̀ mí lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n á fipá gbà á. Níbẹ̀, rárá lẹ́ẹ̀kan ti tó wọn.

Mo fẹ́ bínú sí wọn. Ìbínú náà kò dé. Mo lọ ti aṣọ sínú ẹ̀rọ.

*

Lẹ́tà Bọ̀dá dé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá. Bọ̀dá kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, kò sì bá mi wí. Ó kọ ọ́ báyìí:

"Obìnrin òyìnbó náà ní o wà níbi iṣẹ́. Mo sọ fún Yèyé. Ó ní kí n gbé nǹkan náà fún òun. Mo ní kì í ṣe ìwọ ló wà níbẹ̀. Ó ní òun gbọ́, kí n ṣáà gbé e wá. Ó gbé e sétí, ó sì kí ọ. Ó ní, 'O kú uṣẹ́ o. O kú uṣẹ́. O kú uṣẹ́, ọmọ mi.' Lẹ́yìn náà ó gbé e kalẹ̀, ó ní, 'Ó ń bá ẹnì kan ṣuṣẹ́ ni. Mo mọ ọmọ mi. Kò ní fi ẹni ẹlẹ́ni sílẹ̀ sẹ́nu uṣẹ́.' Inú rẹ̀ kò bàjẹ́ rárá, àbúrò mi. Ṣe ló ń yangàn fún ọ̀gá mi. Àmọ́ kò gbà kí a lọ sí ilé ìwòsàn. Ó ní òun ṣì nílò ohùn òun, kí a jẹ́ kí ọwọ́ rẹ dilẹ̀ ná. Sunday ni a wọ ọkọ̀ padà, a gba Iléṣà àti Ẹ̀fọ̀n. Ó bì lọ́nà. Ọ̀gá mi ti gbà fún wa ní Sátidé mìíràn ní oṣù tó ń bọ̀. Jọ̀ọ́, wà nílé."

Jọ̀ọ́, wà nílé. Bọ̀dá tí kì í bẹ ọmọdé.

Mo fi ọjọ́ náà han Dóríìn. Kó tó di pé mo la ẹnu, ó ti mú gègé, ó kọ orúkọ ara rẹ̀ sórí kàlẹ́ńdà ògiri. Bríjì kọ tirẹ̀ sábẹ́ rẹ̀.

Mo ń ka ọjọ́. Mo tò ó jọ lọ́kàn, gbogbo ohun tí màá sọ fún Yèyé: pé kó gbà fún wọn kí wọ́n gé e, pé bí ohùn rẹ̀ bá lọ, èmi á máa sọ ti àwa méjèèjì. Mo ń fi èdè Èkìtì sọ ọ́ lójú ọ̀nà bí mo ti ń lọ síbi iṣẹ́, àwọn èèyàn á sì yà fún mi.

Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wáyà dé. Yèyé kú lórí ìjókòó, ní ìdájí, ní Òkè-Ìmẹ̀sí. Èémí ló há. Kí àwọn ará ilé tó dáná àárọ̀, ó ti tutù.

*

Àwọn èèyàn a máa bi mí pé báwo ló ṣe rí lára mi. Kò rí bákan. Mo lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Mo sọ fún ọ̀gá, ọ̀gá sọ fún wọn. Wọ́n dì mọ́ mi lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì dúró gbọnrangandan títí wọ́n fi parí. Mo rí i pé ara Bríjì ń gbọ̀n, mo sì ń tu ú nínú. Èmi tí ìyá mi kú ni mò ń sọ fún un pé yóò dáa.

Mi ò lè lọ sílé. Bọ̀dá kọ̀wé pé wọ́n ti sin ín, pé àwọn ìyá aláàáró mẹ́rin yẹn ló se gbogbo oúnjẹ tí àlejò jẹ, kò sì sẹ́ni tó pè wọ́n.

Sátidé tí wọ́n kọ orúkọ wọn sí náà dé. Mo ti gbàgbé láti sọ fún wọn pé kí wọ́n má ṣèyọnu mọ́. Mo wà nílé. Mo wẹ̀, mo múra. Nígbà tó ku díẹ̀ kí agogo méjì lù, mo sọ̀kalẹ̀ lọ jókòó sórí àtẹ̀gùn, nídìí tẹlifóònù. Mo gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan. Ọwọ́ mi dilẹ̀ pátápátá. Agogo méjì lù. Mísíìsì Wáàdì yọjú láti ilé ìdáná, ó wò mí, ó sì rọra ti ilẹ̀kùn.

Mo jókòó títí ó fi kọjá ogún ìṣẹ́jú. Mo dìde, mo wọ kóòtù, mo fẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé ìfọṣọ.

Dóríìn àti Bríjì wà níbẹ̀, àwọn méjèèjì, nídìí ẹ̀rọ tó ń lọ aṣọ. Ọ̀gá jókòó ti tíì rẹ̀. Dóríìn rí mi, ó dáwọ́ dúró.

"Kí lo wá ṣe níbí? Sátidé tìrẹ nìyí. A ti gbà á. Lọ sílé lọ sinmi, ọmọ mi, kò sóhun tí a fẹ́ kó o ṣe fún wa."

Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n dúró tì yín."

Ohun àkọ́kọ́ tí mo tọrọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nílùú náà nìyẹn. Bríjì sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì kan ń jáde bọ̀, ó gbóná. Dóríìn na etí aṣọ náà kan sí mi, mo dì í mú.